Mo tẹ àṣẹ, kò sí èsì: kí ló gbé ọ̀rọ̀ mì nínú MSYS2 àti Git Bash?

Ẹnì kan kọ̀wé báyìí: “Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Windows 10 ni mò ń lò, mo sì fi MSYS2, àkójọ irinṣẹ́ bíi ti Unix fún Windows, sí i kí n lè máa fi gcc, tó ń sọ ohun tí mo kọ di ètò, kọ́ èdè C. Ètò kékeré kan tí mo kọ máa ń béèrè orúkọ àti ọjọ́ orí, á wá kí èèyàn. Nínú cmd, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú fèrèsé MSYS2, ojú rẹ̀ á ṣófo, kò ní béèrè nǹkan kan. Tí mo bá kàn tẹ orúkọ, tí mo tẹ ọjọ́ orí, ìgbà yẹn ni ìbéèrè méjèèjì àti ìkíni á ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yà mí lẹ́nu pé èyí tí mo fi C++ kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dáadáa ló ń béèrè. Mo wá gbé ti C++ yìí fún ọ̀rẹ́ mi. Nínú Git Bash tiẹ̀, kò sọ nǹkan kan rárá. Àmì $ ló kàn padà wá. Git Bash yìí náà ni mo ti tẹ `python` lọ́jọ́ kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé ká pa gbogbo nǹkan rẹ́ ká tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ṣé ká ṣe é?”

Rárá o. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Títún Windows gbé sórí ẹ̀rọ á jẹ yín ní dátà àti odidi ọjọ́ kan, tí ẹ bá sì parí, tí ẹ tún fi MSYS2 sí i, ibi tí ẹ ti kúrò gan-an lẹ máa padà sí, torí pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú Windows yín. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí díjú ni pé àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, “kò sí èsì”. Ètò C yín ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló há sójú ọ̀nà. Ètò C++ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín kò tiẹ̀ la ẹnu. Ó jọ pé ó kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú, ìkan náà ni wọ́n jọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi oògùn ti àkọ́kọ́ wo èkejì á kàn máa da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí bash, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ yín nínú fèrèsé náà, bá dá àmì $ padà láìsọ nǹkan kan, ẹ tẹ `echo $?` lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó tẹ àṣẹ mìíràn, torí pé àṣẹ tó bá tẹ̀ lé e á fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà tí ètò fi sílẹ̀ nígbà tó ń jáde ni bash máa fi hàn yín. 0 ni pé ètò náà gbà pé òun parí iṣẹ́ ní àlàáfíà. 127 ni pé kò bẹ̀rẹ̀ rárá: yálà bash kò rí i, tàbí Windows kọ̀ láti gbé e dìde. 126 ni pé fáìlì náà wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí gẹ́gẹ́ bí ètò. 139 ni pé ó ṣubú lójú ọ̀nà, ó fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. 130 ni pé Ctrl+C ló pa á. Ẹ kò sọ iye tí ọ̀rẹ́ yín rí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò lè rí i láti ibi tí mo wà; ohun tí mo máa sọ nípa tiẹ̀ nísàlẹ̀ dúró lórí pé 127 ni.

Ká kọ́kọ́ mú ti C. Fèrèsé tí MSYS2, Git Bash àti Cygwin sábà máa ń ṣí fún yín, mintty ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe console Windows bíi ti cmd. Mintty ń bá àwọn ètò sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ pty, ìyẹn ohun tí Unix ń lò láti ṣe bí ẹni pé terminal gidi wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Windows kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà Cygwin, tí MSYS2 ti ṣẹ̀ wá, fi páìpù ṣe àfarawé rẹ̀. Ètò tó bá jẹ́ ọmọ ilé, ìyẹn èyí tó ń lo `cygwin1.dll` tàbí `msys-2.0.dll`, bíi bash, ls àti grep, mọ̀ pé páìpù yẹn dúró fún terminal. Ṣùgbọ́n ètò tí gcc ti UCRT64 tàbí MINGW64, ìyẹn ẹ̀ka MSYS2 tó ń kọ́ ètò fún Windows, bá kọ́, ọmọ Windows pọ́ńbélé ni. Kò mọ Cygwin rí. Tó bá wo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ, páìpù lásán ló rí. Ẹ lè fojú ara yín rí èyí níbi tí Python ti Windows bá wà: ẹ tẹ `python -c "import sys; print(sys.stdout.isatty())"`. Nínú cmd, `True` ló máa sọ. Nínú mintty, `False`. Ẹ̀rọ kan náà, Python kan náà, ojú ọ̀nà ló yàtọ̀.

Kí ló wá kan páìpù nínú ọ̀rọ̀ tó há? Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. `printf` kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ sójú fèrèsé tààrà. Ibi ìkójọ kan nínú mẹ́mọ́rì ló ń kó o sí, tí à ń pè ní buffer, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé e lọ lápapọ̀, nítorí pé lílọ bá Windows nígbà gbogbo tìtorí lẹ́tà méjì-mẹ́ta ń jẹ àkókò. Ẹ fi wé ọkọ̀ ní gáréèjì. Tí ètò bá rí i pé console ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó gbà pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀ tó ń dúró, nítorí náà bí ọkọ̀ háyà ló ń ṣe: ẹnì kan wọlé, ó ṣí. Tó bá rí páìpù, ó gbà pé ẹ̀rọ ló wà ní òdìkejì, ẹ̀rọ kì í sì í kánjú, nítorí náà bíi dánfó ló ń ṣe: kò ní kúrò ní gáréèjì àfi tó bá kún. Nínú C lórí Windows, báìtì 4096 ló máa ń kún ọkọ̀ náà. “Kí ni orúkọ yín?” kò tó báìtì 30. Ó jókòó sínú ọkọ̀, `scanf` sì ti ń dúró de ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹ kò tíì rí. Nígbà tí ètò bá parí, C á kó gbogbo èrò tó kù lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tí ẹ bá fi Ctrl+C pa á, tàbí tó ṣubú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ bàjẹ́ sí gáréèjì nìyẹn. Kò sí èrò kankan tó máa dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń fi `printf` wá ibi tí ètò rẹ̀ ti ń ṣubú gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: ìlà tó jáde kẹ́yìn kọ́ ni ìlà tí ètò dé kẹ́yìn. `stderr`, ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe ń gbà, kì í dúró kún ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ lè rí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kó ṣáájú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún yín pé kí ẹ fi `\n` sí ìparí ìbéèrè. Lórí terminal Linux, ó máa ń ṣiṣẹ́, torí pé ìlà-ìlà ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Níbí, kò ní ràn yín lọ́wọ́. Kódà tí ẹ bá lo `setvbuf` pẹ̀lú `_IOLBF`, tó yẹ kó túmọ̀ sí “máa gbé e ní ìlà-ìlà”, Windows á ṣe é bíi pé ẹ ní kó dúró títí á fi kún. Ti C++ tó yà yín lẹ́nu, ìdí rẹ̀ kò le: wọ́n ti so `cin` mọ́ `cout` láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí `cin` tó ka nǹkan, ó kọ́kọ́ máa ń ní kí `cout` tú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lórí Windows, kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín `scanf` àti `printf`. Ẹ fi `cin.tie(nullptr)` já okùn yẹn, bí àwọn tó ń díje nínú kíkọ ètò ti máa ń ṣe kí tiwọn lè yára, C++ yín náà á dákẹ́.

Oògùn tó dára jù wà nínú ètò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn `printf` tó ń béèrè nǹkan, ẹ kọ `fflush(stdout);`, ìyẹn ni pé kí awakọ̀ máa lọ bí ọkọ̀ ṣe wà. Tàbí kí ẹ kọ `setvbuf(stdout, NULL, _IONBF, 0);` gẹ́gẹ́ bí ìlà àkọ́kọ́ nínú `main`, kó ṣáájú `printf` èyíkéyìí, kò sì ní sí buffer mọ́. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, èkejì yìí ló rọrùn. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà: ètò tó ń tẹ ìlà 100,000 jáde á falẹ̀ gan-an, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ bá Windows. Nínú iṣẹ́ gidi, `fflush` níbi tó yẹ ló bójú mu. Ẹ máa rí `stdbuf` nínú ìmọ̀ràn àwọn ará Linux. Ẹ fojú fò ó, kò lè dé inú ètò Windows, kò sì ní sọ fún yín pé òun kò dé ibẹ̀.

Nígbà míì, ètò náà kì í ṣe tiyín, ẹ kò lè yí inú rẹ̀ padà. Ẹ fún un ní console tó ń wá nìyẹn. Winpty ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: Git Bash ń gbé e bọ̀, lórí MSYS2 `pacman -S winpty` ló máa mú un wá (pacman ni ètò tí MSYS2 fi ń gbé àwọn ètò mìíràn wá). Tí ẹ bá tẹ `winpty ./ikini.exe`, winpty á ṣí console kan sí ìkọ̀kọ̀, ètò á máa bá a sọ̀rọ̀, winpty á máa ka ohun tó hàn lójú console náà, á sì máa kó o wá fún mintty. Ohun tó ń kà lójú ló ń kó wá, ìdí nìyẹn tí kò fi bá ìdarí sínú fáìlì rẹ́: `winpty ./ikini.exe > esi.txt` á dá yín lóhùn pé `stdout is not a tty`, ó parí. Ẹ lò ó níbi tí ẹ bá ti ń bá ètò sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ẹ yọ ọ́ nínú script.

Láti Windows 10 ẹ̀dà 1809, Microsoft fúnra rẹ̀ ti ní ohun tó jọ pty, ConPTY ni wọ́n pè é, Cygwin sì ti ń lò ó láti ẹ̀dà 3.1. MSYS2 kò tan án sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa tan án. Nínú environment variable ti Windows, ẹ dá `MSYS` sílẹ̀, ẹ fi `enable_pcon` sínú rẹ̀, kí ẹ pa gbogbo fèrèsé MSYS2, kí ẹ tún wọn ṣí. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bá wàhálà pàdé nínú rẹ̀, pàápàá kí ojú fèrèsé ṣàdéédéé nù. Èyí tí èmi máa yàn fún yín ni pé kí ẹ fi mintty sílẹ̀, kí ẹ máa ṣí bash nínú Windows Terminal. Ẹ dá profaili tuntun kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ jẹ́ `C:\msys64\msys2_shell.cmd -defterm -here -no-start -ucrt64`. Bash kan náà, pacman kan náà, ṣùgbọ́n inú console gidi ni ètò yín máa bá ara rẹ̀, ìbéèrè yín á jáde láìfi `fflush` kankan sí i. Síbẹ̀, ẹ fi `fflush` sí i, torí ẹni tó máa ṣí i nínú mintty lọ́la. Ẹnì kan lè ní kí ẹ kó lọ sí WSL. Linux gidi nìyẹn, àìsàn yìí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí gcc inú rẹ̀ bá kọ́ kì í ṣe `.exe` Windows, ọ̀rẹ́ yín kò ní lè ṣí i lórí Windows lásán.

Ti Python kò jìnnà síyẹn, àmọ́ ibi tí ó ti ń gba ọ̀rọ̀ wọlé ló ti ṣìnà. Tí ẹ bá tẹ `python` nìkan, tó sì rí páìpù dípò console, ó rò pé ẹnì kan ń da odidi fáìlì sí òun lára, nítorí náà ó ń fetí sílẹ̀ títí fáìlì yẹn á fi parí. Kò ní gbé `>>>` jáde. `winpty python` tàbí `python -i` á là á lóhùn. Fún script, `print` ló máa ń há, `input()` máa ń tú ìbéèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀. `python -u script.py` tó fún ẹ̀ẹ̀kan; tí ẹ bá fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ `export PYTHONUNBUFFERED=1` sínú `~/.bashrc`. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ tẹ `type -a python`. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tó kọ́kọ́ fi hàn gba inú fódà `WindowsApps` kọjá, ó ṣeé ṣe kí Python máà sí lórí ẹ̀rọ náà rárá. Ère ni Windows 10 gbé síbẹ̀, tó máa ń darí èèyàn lọ sí Microsoft Store. Nọ́ńbà 9009 ni ère yìí fi ń jáde, bash sì máa ń gé e kù sí 49. Tí `echo $?` bá sọ 49, ẹ lọ gbé Python gidi wá.

Ó ku ọ̀rẹ́ yín. Ètò tí g++ ti MSYS2 bá kọ́ kì í dá rìn: ó ń mú `libstdc++-6.dll` àti `libgcc_s_seh-1.dll` dání, nígbà púpọ̀ `libwinpthread-1.dll` náà. Lọ́dọ̀ yín, inú `C:\msys64\ucrt64\bin` ni wọ́n wà, fèrèsé UCRT64 sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé `.exe` nìkan lọ, ẹ fi àwọn tó ń gbé e ró sílé. Nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Tí DLL, ìyẹn irú fáìlì tó ń gbé ètò ró yìí, kò bá sí rárá, bash sábà máa ń sọ ọ́: `error while loading shared libraries`. Tó bá wà, àmọ́ tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, tí gcc mìíràn tó ti wà lórí ẹ̀rọ náà gbé wá, Windows á rí orúkọ tó ń wá, á ṣí i, kò ní bá iṣẹ́ tí ètò yín nílò nínú rẹ̀, á sì pa ètò náà. Nínú cmd, àpótí ìkìlọ̀ á fò jáde. Cygwin àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń dí àpótí yẹn lọ́nà kó má bàa dá script dúró, nítorí náà ẹ kò ní rí nǹkan kan àfi 127. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ròyìn jọ èkejì yìí. Kí ọ̀rẹ́ yín ṣí cmd, kó tẹ orúkọ ètò náà níbẹ̀. Tí àpótí bá sọ pé `The procedure entry point` kan kò ṣeé rí, ó ti hàn. Kó tẹ `where libstdc++-6.dll` ní cmd yẹn kan náà, yóò rí fódà tí arúgbó DLL náà ń gbé.

Kò nílò láti yọ gcc rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin ni kí ẹ tún ètò yín kọ́ báyìí: `g++ -static -o ikini.exe ikini.cpp`. Gbogbo ohun tó ń gbé e ró á wọnú `.exe` náà, á tóbi sí i, ṣùgbọ́n á máa dá rìn. Tàbí kí ẹ kó DLL mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fódà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Windows máa ń wo fódà ètò kó tó wo PATH, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn fódà tó ń wá nǹkan sí, tiyín ló máa kọ́kọ́ bá. Kó má lọ ṣe igbasilẹ̀ DLL lórí àwọn ojúlé tó ń pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ ti lè wọlé.

Tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá jẹ́ 127 ńkọ́? Tó bá jẹ́ 1, ẹ bi í léèrè orúkọ tó fún fáìlì náà. Ẹni tó bá kọ́ `test.exe`, tó tẹ `test`, àṣẹ inú bash tó ń jẹ́ `test` ló pè, ìyẹn kì í sì í tẹ nǹkan kan jáde láéláé. Ẹ tẹ `./test`. Tó bá jẹ́ 0, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jáde ní ààbọ̀ ni, ẹ fura sí òpin ìlà Windows, tó ń jẹ́ `\r\n` dípò `\n`. Lórí Cygwin pàápàá, tí `\r` bá bá orúkọ wọlé láti inú fáìlì, `echo "Kaabo $oruko, o dara"` kò ní fi `Kaabo Bola, o dara` hàn, `, o darala` ló máa fi hàn: `\r` dá ọwọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ìyókù sì gun orí ohun tó ti wà níbẹ̀, lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn nínú Bola nìkan ló yè. `cat -A` máa fi `^M` hàn níbi tó wà, `tr -d '\r'` á sì gbá a dànù.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ antivirus ti kàn yín. Ó máa ń fura sí `.exe` tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tí kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i, ó sì lè gbé e lọ sí àhámọ́ láàárín ìgbà tí gcc parí àti ìgbà tí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀. Bash á ní `No such file or directory` nígbà yẹn, `ls -l` kò sì ní rí i. Tí fáìlì náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ètò dákẹ́, ẹ fi antivirus sílẹ̀, ẹ padà sí `echo $?`.